Ọ́ìlì Gíábọ́ọ̀sì Two-stroke Àtijọ́: Ẹ Kà Á Kí Ẹ Tó Dà Á Nù

Ọ̀kun o, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gun Suzuki AX100, Yamaha RX100 tàbí Jawa tí bàbá yín fi sílẹ̀. Bí ẹ bá dúró níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń kó èrò ní Kàbà, tí ẹ bi ẹni tó ń gun two-stroke (alùpùpù tí a ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀) pé ìgbà wo ló pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kó dá yín lóhùn pé, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ó mọ́ pẹtiróòlù láàárọ̀ yìí ni." Kò purọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ lẹ bi í. Ọ́ìlì méjì ló wà lára ẹ́ńjìnnì yẹn. Èyí tí a ń pò mọ́ pẹtiróòlù ń jóná, ó ń bá èéfín jáde ní sáìlẹ́ńsà. Èkejì wà nísàlẹ̀ nínú gíábọ́ọ̀sì. Kì í jóná, kò sì sí ẹni tó ń rí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbàgbé rẹ̀ títí gíà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ọ́ìlì kejì yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Pípààrọ̀ rẹ̀ kò gbà ju wákàtí kan lọ. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà kì í ní sùúrù fún, ni wíwo ohun tó jáde. Ẹ́ńjìnnì kò lẹ́nu. Ọ́ìlì àlòkù ló fi ń sọ ibi tó ń dùn ún. Ẹni tó bá dà á sí kòtò láì wò ó ti da ìròyìn oṣù mẹ́ta nù.

Ohun tó wà nínú àpótí náà

Nínú two-stroke, ibi tí kíráńkì (ọ̀pá irin tí písítìnì ń yí) ti ń yí kò ní ọ́ìlì tirẹ̀. Pẹtiróòlù tó ní ọ́ìlì nínú ló ń gba ibẹ̀ kọjá, òun ló ń tu bẹ́árìn àti písítìnì lára kó tó jóná. Ògiri irin àti síìlì rọ́bà kan péré ló pààlà sáàárín ibẹ̀ àti gíábọ́ọ̀sì. Ẹ fi síìlì yẹn sọ́kàn, nítorí a máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Lódìkejì ògiri náà ni àwọn gíà wà, àti irinṣẹ́ tí a fi ń ta ẹ́ńjìnnì, àti kílọ́ọ̀ṣì (àwọn àwo tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, tó sì ń yà á nígbà tí a bá fa ọwọ́ rẹ̀). Lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn alùpùpù wọ̀nyí, inú ọ́ìlì kan náà ni gbogbo wọn ń wẹ̀. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí a gbé lé ọ́ìlì yìí lọ́wọ́: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí eyín gíà máa yọ̀ lára ara wọn, kó má sì jẹ́ kí àwo kílọ́ọ̀ṣì yọ̀ lára ara wọn. Ó tún gbọ́dọ̀ gbé ooru kúrò lára kílọ́ọ̀ṣì. Nílùú tó tẹ́jú, ìyẹn lè máà nira. Àmọ́ ní ilẹ̀ Ìjùmú, Yàgbà àti Òwé, òkè ń bẹ níwájú, òkè ń bẹ lẹ́yìn, ọ̀nà oko sì kún fún òkúta àti omi. Ẹni tó di iṣu sẹ́yìn alùpùpù tó ń gòkè ní gíà kìíní ń fi kílọ́ọ̀ṣì ṣe iṣẹ́ àṣekára, ọ́ìlì ló sì ń jìyà rẹ̀.

Irú ọ́ìlì tí ẹ máa rà

Ó ní òkè kan lọ́nà oko wa tí AX100 mi máa ń gùn láìjanpata. Ọjọ́ kan ni mo di iṣu lé e, mo dé àárín òkè, ẹ́ńjìnnì ń ké rara ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn kò yí. Kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Mo ra àwo kílọ́ọ̀ṣì tuntun. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ra òmíràn. Àgbà mẹkáníìkì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ní kí n lọ mú ike ọ́ìlì tí wọ́n fi pààrọ̀ fún mi wá. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó fi èékánná tọ́ka sí àmì róbótó kan tí wọ́n kọ "Energy Conserving" sí, ó ní, "Ọ́ìlì mọ́tò lèyí. Wọ́n fi ohun tó ń mú irin yọ̀ sí i kí mọ́tò má bàa jẹ epo púpọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tìrẹ ń mu ún." A da ọ́ìlì náà sílẹ̀, a fọ àwọn àwo, a rọ ọ́ìlì alùpùpù sí i. Láti ìgbà náà kílọ́ọ̀ṣì kò yọ̀ mọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn kò ṣe é níkà, ó kàn rò pé ọ́ìlì kò ju ọ́ìlì lọ ni.

Nítorí náà, àmì tí ẹ máa wá lára ike ni JASO MA tàbí MA2. Àwọn ará Japan ló gbé ìlànà yìí kalẹ̀ lọ́dún 1998, nígbà tí ọ́ìlì mọ́tò tó ń yọ̀ jù bẹ̀rẹ̀ sí í ba kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù jẹ́. MA túmọ̀ sí pé kílọ́ọ̀ṣì inú ọ́ìlì kò ní yọ̀. MB kò dára fún iṣẹ́ tiwa. Bí ẹ bá rí JASO FB, FC tàbí FD, ọ́ìlì tí a ń pò mọ́ pẹtiróòlù nìyẹn, ẹ má rọ ọ́ sí gíábọ́ọ̀sì.

Ní ti ìnípọn, ìwé tó bá alùpùpù yín wá ni ọ̀gá. Bí ìwé bá ti sọnù, 10W-40 tàbí 20W-40 fún alùpùpù kò ní ṣì yín lọ́nà ní ooru tiwa. Èmi fúnra mi ń lo 20W-40. 20W-50 náà ṣeé lò bí kò bá sí èyí, àmọ́ láàárọ̀ ọyẹ́ gíà lè le díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná.

Àwọn kan máa ń rọ ọ́ìlì gíà mọ́tò sí i, nítorí wọ́n gbọ́ "gíábọ́ọ̀sì". Ẹ ṣọ́ra. Èyí tí wọ́n kọ GL-5 sí lára ní kẹ́míkà tó lè jẹ bàbà àti idẹ tó wà nínú gíábọ́ọ̀sì àtijọ́, wọn kò sì ṣe é fún kílọ́ọ̀ṣì tó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì. Nọ́ńbà ara rẹ̀ náà ń tan ènìyàn. Ọ́ìlì gíà 80 kò nípọn ju ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 30 lọ, 90 sì fẹ́ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú 40 sí 50, nítorí òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi wọn wọ́n. Bí ìwé Jawa bàbá yín bá sọ pé ọ́ìlì gíà 80, ẹ má rò pé ohun kan tó ki bí oyin ló ń béèrè.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Ẹ wá sípánà olórùka tó bá nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ mu rẹ́gí (17 ló bá ọ̀pọ̀ wọn mu, àmọ́ ẹ wò ó kí ẹ tó rà á), abọ́ tó fẹ̀, àkísà tó mọ́, àrọ, wáṣà tuntun fún nọ́ọ̀tì náà, àti ohun ìwọ̀n. Ohun ìwọ̀n tó dára jù tí mo mọ̀ ni ìgò tí wọ́n fi ń fún ọmọ lóúnjẹ, nítorí wọ́n kọ ml sí i lára, ó sì wà ní gbogbo ọjà. Ẹ ra ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, kí ọmọ má ṣèèṣì lò ó láéláé.

1. Ẹ gùn ún fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ́ìlì tó gbóná ń ṣàn, ó sì ń gbé ìdọ̀tí tó ti rọ̀ sísàlẹ̀ dání. Ẹ gbé e dúró lórí sítáńdì onẹ́sẹ̀ méjì níbi tó tẹ́jú. Sítáńdì ẹ̀gbẹ́ á jẹ́ kó fì, ọ́ìlì díẹ̀ á sì kù sínú.

2. Ẹ nu abẹ́ ẹ́ńjìnnì àti ayíká ìdérí òkè. Yanrìn wẹ́wẹ́ tó bá já sínú gíábọ́ọ̀sì ń ba nǹkan jẹ́ ju ọ́ìlì burúkú lọ.

3. Ẹ tú ìdérí òkè kọ́kọ́. Ìdí méjì ni: afẹ́fẹ́ á wọlé kí ọ́ìlì lè jáde wéré, ẹ ó sì mọ̀ pé ìdérí náà ṣeé tú. Ẹni tó bá da ọ́ìlì sílẹ̀ tán kó tó rí i pé ìdérí òkè ti há, alùpùpù rẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

4. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́, kí ẹ wá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ẹ rí i dájú pé nọ́ọ̀tì ìdásílẹ̀ lẹ ń tú o! Lábẹ́ àwọn ẹ́ńjìnnì kan, bọ́ọ̀tì tó di sípíríǹgì gíà mú wà nítòsí rẹ̀, ó sì jọ ọ́. Bí ẹ bá tú ìyẹn, sípíríǹgì àti bọ́ọ̀lù kékeré á já bọ́. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó sì ní wáṣà pẹlẹbẹ lábẹ́ orí, ni ẹ máa wá. Bí ọ́ìlì bá fẹ́ẹ̀ tán, ẹ fi alùpùpù síhìn-ín sọ́hùn-ún díẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

5. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ni kíka ọ́ìlì, tí mo máa sọ nísàlẹ̀. Ẹ má fò ó.

6. Ẹ nu ojú ihò náà, ẹ fi wáṣà tuntun sí nọ́ọ̀tì, ẹ sì fi ọwọ́ lásán yí i wọlé títí tó fi jókòó. Bí ó bá le láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti wọlé ní wíwọ́. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá ti jókòó ni sípánà ń dé, díẹ̀ ló sì ń fi kún un, títí wáṣà á fi fún. Alumíníọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnnì, irin ni nọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára fún un ń fi irin gé alumíníọ̀mù. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ọṣẹ àti gọ́ọ̀mù dí ihò rẹ̀ nítorí pé okùn inú rẹ̀ (ìlà yíyí tí nọ́ọ̀tì ń gbà wọlé) ti jẹ tán. Bí tiyín bá ti jẹ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rin, kó lu ihò náà tóbi díẹ̀, kó sì fi okùn irin tuntun sí i. Gọ́ọ̀mù ò lè di ọ́ìlì gbígbóná mú pẹ́.

7. Ẹ rọ ọ́ìlì tuntun. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì kan, wọ́n kọ iye rẹ̀ sí ara irin nítòsí ìdérí. Ọ̀pọ̀ two-stroke kékeré ń gba láàárín 600 sí 900 ml. RX100 ń gba bíi 650, Jawa 350 ń gba lítà kan. Ẹ má rọ gbogbo ike lítà kan sí kékeré nítorí pé ẹ ti rà á. Bó bá kún jù, á máa gba ihò ìmí jáde, kílọ́ọ̀ṣì kò sì ní í yà dáadáa, gíà á máa le bí ẹ bá fẹ́ wọ ọ̀fẹ́ (níútírà). Bó bá kéré jù, gíà òkè kò ní rí ọ́ìlì mu.

8. Ẹ ta á, kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìwọ̀n. Àwọn kan ní igi ìwọ̀n lára ìdérí, àwọn kan ní bọ́ọ̀tì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀ṣì: bí ẹ bá tú u tí ọ́ìlì ń kán tó-tó-tó, ó pé. Lára àwọn Jawa, irin kan náà tí a fi ń ta ẹ́ńjìnnì ni a fi ń wọ gíà, nítorí náà ẹ wo ẹ̀yìn irin yẹn dáadáa bóyá ọ́ìlì ń jò níbẹ̀.

Kẹ́yìn, ẹ fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ kó ní àlàfo bíi mílímítà 2 sí 3 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn. Bí kò bá sí àlàfo rárá, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀ bó ti wù kí ọ́ìlì dára tó.

Kíka ọ́ìlì

Ẹ gbé abọ́ náà síta nínú oòrùn. Ẹ fi ìka méjì mú díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ fi wọ́n ra ara wọn, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. (Ẹ fọ ọwọ́ dáadáa lẹ́yìn náà, nítorí ọ́ìlì àlòkù tó bá ń kan ara lójoojúmọ́ lè fa àrùn jẹjẹrẹ awọ.)

Bó bá dúdú díẹ̀, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, dáadáa ni. Bí òòfà bá wà lórí nọ́ọ̀tì, ẹ ó rí ẹ̀rún irin eléérú tó rọ̀ bí irun lórí rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Gíà tó ń ṣiṣẹ́ ń jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bí irin bá ń dán nínú abọ́, tó tóbi tó ìka ń mọ̀ ọ́n, gíà tàbí bẹ́árìn ti ń fọ́. Ẹ má gùn ún mọ́ títí ẹ ó fi tú u. Ohun pupa bíi wúrà tó ń tàn nínú ọ́ìlì jẹ́ idẹ láti ara búùṣì. Bí ó bá kéré, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ní ìdajì àkókò, kí ẹ tún wò ó.

Bó bá funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọlé. Ní àsìkò òjò, nígbà tí odò kékeré lọ́nà oko bá dé ibi tí à ń gbé ẹsẹ̀ lé lára alùpùpù, omi ń gba ihò ìmí tàbí ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ. Fífi omi tí ẹ̀rọ ń tú jáde pẹ̀lú agbára fọ ẹ́ńjìnnì náà ń fà á. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù ṣan inú rẹ̀ o, èyí tó bá ṣẹ́kù á ba ọ́ìlì tuntun jẹ́. Ẹ rọ ọ́ìlì tí kò wọ́n sí i, ẹ gùn ún fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ dà á sílẹ̀, kí ẹ tó wá rọ ojúlówó. Rọ́bà ìdérí tuntun kò tó nǹkan.

Òórùn ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ni wọn kì í kà sí. Bí ọ́ìlì bá ń rùn bíi pẹtiróòlù, tó sì ṣàn bí omi, síìlì tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ti ń kú. Síìlì ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ló pààlà, bí ètè rẹ̀ bá ti gbẹ, pẹtiróòlù á máa yọ́ wọ inú gíábọ́ọ̀sì. Ó tún lè lọ lódìkejì: kíráńkì ń fa afẹ́fẹ́ sínú bó ti ń yí, á sì máa fa ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì mu. Àmì rẹ̀ ni èéfín funfun tí kì í dáwọ́ dúró bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tán, pílọ́ọ̀gì tó ń tutù fún ọ́ìlì, àti ọ́ìlì tó jáde tí kò tó èyí tí ẹ rọ. Ìdí tí mo fi ń wọn èyí tó jáde pẹ̀lú ìgò náà nìyẹn. Bí mo bá rọ 800 tí 550 ló jáde, tí kò sì sí ọ́ìlì nílẹ̀, mo ti mọ ibi tí 250 lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rí èéfín yẹn á dín ọ́ìlì inú pẹtiróòlù kù. Wọ́n á dín in kù, èéfín kò ní dá, písítìnì á wá lẹ̀ mọ́ sílíńdà lọ́nà Ìsánlú lọ́sàn-án gangan. Síìlì kékeré ló fà á látìbẹ̀rẹ̀. Alùpùpù tó ti dúró sẹ́yìn ilé fún ọdún mẹ́ta ni síìlì rẹ̀ máa ń tètè gbẹ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ jí ti bàbá rẹ̀ dìde, kó ra síìlì méjèèjì tó wà lọ́tùn-ún lósì kíráńkì kó tó gùn ún jìnnà.

Ìgbà tó yẹ, àti ibi tí àlòkù ń lọ

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní kìlómítà 500. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń gùn ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lè máa pààrọ̀ ní 3,000 sí 5,000. Èmi tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù oko, 2,000 ni tèmi, tàbí oṣù mẹ́ta, èyí tó bá yá. Bí aago kìlómítà bá ti kú, ẹ ka oṣù. Kódà èyí tí a kò gùn yẹ kó rí ọ́ìlì tuntun lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn òjò, kí omi tó ti wọlé má bàa jẹ bẹ́árìn láàárín ọyẹ́.

Ẹ má da àlòkù sílẹ̀. Kànga tí ilé yín ń mu lè má jìnnà sí ibi tí ẹ dà á sí. Ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dì í pa; àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù máa ń gbà á láti fi pa inú mọ́ọ̀dù wọn. Mo máa ń fi ọjọ́ àti iye tó jáde kọ sábẹ́ ìjókòó alùpùpù pẹ̀lú bírò tí omi kì í pa rẹ́. Lẹ́yìn náà, mo ń tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ẹ́ńjìnnì ní alẹ́ ọjọ́ tí mo bá pààrọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí páálí náà mọ́, mo lè gbé e lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ̀kán kan bá wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì, wáṣà kò jókòó dáadáa, mo sì tún ń tú u.